Ibi Tí Rìnsọ́lá Ń Sùn

Bí ẹ bá bi Rìnsọ́lá Akínlọ́lá léèrè ibi tó ń gbé, ẹ ti dá wàhálà sílẹ̀ nìyẹn. Kì í ṣe pé kò nílé. Ilé tirẹ̀ ló pọ̀ jù. Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú títí di àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, Co-op City ló wà, ní Bronx, lókè téńté ilé alájà púpọ̀ kan, lọ́dọ̀ Ọ̀gbẹ́ni Lazarus. Bàbá yìí ti fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n wa ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ kí orúnkún rẹ̀ méjèèjì tó kọ iṣẹ́ sílẹ̀. Rìnsọ́lá ló ń wẹ̀ ẹ́, tó ń se oúnjẹ rẹ̀, tó ń fún un lóògùn. Ní ọjọ́ Ẹtì àti Sátidé, St. Albans ló wà, ní Queens, nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀ tó háyà lọ́wọ́ Ọ̀gbẹ́ni Olúsànmí, ọmọ ìjọ Áńgílíkà bíi tirẹ̀. Ibẹ̀ ni ìkòkò rẹ̀ wà, ibẹ̀ ni bẹ́ẹ̀dì tó fi owó ara rẹ̀ rà wà. Àmọ́ lórí gbogbo ìwé tí ìjọba Amẹ́ríkà ní nípa rẹ̀, kò gbé ọ̀kankan nínú ibi méjèèjì. Brookedge ló ń gbé, ìletò kékeré kan tó wà lódìkejì títì níbi tí sítì New York ti parí, nílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Bùsáyọ̀.

Oṣù mẹ́rin àkọ́kọ́ tó dé Amẹ́ríkà ló fi sùn níbẹ̀. Ọkọ Bùsáyọ̀ wà láyé nígbà náà, Rìnsọ́lá sì rò ó pé ilé tọkọtaya kò gba ẹni kẹta, ló bá wá yàrá lọ sí St. Albans. Ọdún mẹ́tàlá rèé. Ọkọ náà ti kú láti bí ọdún mẹ́fà, Rìnsọ́lá kò padà. Kò sẹ́ni tó lé e, kò sì sẹ́ni tó pè é. Ó kàn rí bẹ́ẹ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ àdírẹ́ẹ̀sì yìí, Olúsànmí ló dá a sílẹ̀. Lọ́jọ́ tó fún un ní kọ́kọ́rọ́ ló ti sọ ọ́: "Sister, yàrá yìí ò sí lórí ìwé sítì o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí lẹ́tà kankan wá síbí. Tí wọ́n bá mọ̀ pé èèyàn ń gbé basement mi, fine tí wọ́n máa bù fún mi, mi ò ní lè san án." Ní Amẹ́ríkà sì rèé, ẹni tí lẹ́tà kò bá lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kò tíì sí láyé. Bí báńkì ṣe ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí ọ̀dọ̀ Bùsáyọ̀ nìyẹn. Báńkì ló ṣáájú, iléeṣẹ́ tó gbà á síṣẹ́ tẹ̀ lé e, ìwé ìwakọ̀ tẹ̀ lé ìyẹn. Lójú Rìnsọ́lá, kò sí irọ́ kankan níbẹ̀. Ta ni yóò bi ọmọ Yorùbá pé ilé ẹ̀gbọ́n rẹ, ṣé ilé rẹ ni? Yàrá kan wà níbẹ̀ tí Bùsáyọ̀ ń pè ní yàrá Rìnsọ́lá títí dòní. Ní gbogbo ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn, ibẹ̀ ló ti ń jẹun ọ̀sán, tó ń kó lẹ́tà rẹ̀ sínú báàgì kó tó wọ bọ́ọ̀sì padà sí Bronx.

Èmi kò dá a lẹ́bi. Mo mọ èèyàn wa tó ní àdírẹ́ẹ̀sì mẹ́ta: ọ̀kan fún ilé ẹ̀kọ́ ọmọ, ọ̀kan fún inṣọ́ránsì mọ́tò, ọ̀kan fún ibi tó ń sùn gan-an. Ìbéèrè ló ń ba irú nǹkan bẹ́ẹ̀ jẹ́. Bí ẹnikẹ́ni kò bá béèrè, à á máa gbé e kiri bẹ́ẹ̀ ni títí ikú.

Ní oṣù kẹfà, Rìnsọ́lá na ọwọ́ ọ̀tún sókè ní Brooklyn pẹ̀lú ọgọ́rùn-ún mẹ́ta èèyàn, ó búra, ó di ọmọ Amẹ́ríkà. Ó sunkún díẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń jáde, àwọn obìnrin kan dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń pín fọ́ọ̀mù fún ẹni tó bá fẹ́ máa dìbò. Ó gba tirẹ̀, ó yọ ìwé ìwakọ̀ rẹ̀, ó da àdírẹ́ẹ̀sì tó wà lórí rẹ̀ kọ. Kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà ni ìbéèrè dé.

Owó ni Brookedge ń wá. Gọ́tà ìletò náà ti gbó. Bí òjò bá rọ̀ fún wákàtí méjì pére, omi á wọ ṣọ́ọ̀bù, á wọlé olówó, á wọlé tálákà. Àwọn ìgbìmọ̀ ìlú jókòó títí, wọn ò fẹnu kò, ni wọ́n bá ju ọ̀rọ̀ sọ́wọ́ ará ìlú pé kí wọ́n dìbò yan ọ̀kan nínú méjì. Ṣé kí wọ́n fi kún owó orí ọjà, kí ẹnikẹ́ni tó bá ra nǹkan ní Brookedge máa san díẹ̀ sí i? Àbí kí wọ́n dá owó orí iṣẹ́ sílẹ̀, kí ẹni tó ń gbé níbẹ̀ máa yọ díẹ̀ sílẹ̀ nínú owó tó ń gbà?

Ọ̀rọ̀ tó rọrùn létí ẹni tí kò ní ṣọ́ọ̀bù ni. Bùsáyọ̀ ní. Aṣọ àwọn nọ́ọ̀sì àti àwọn tó ń tọ́jú arúgbó ló ń tà, létí títì tó jẹ́ ààlà náà gan-an. Lódìkejì títì, ní apá ti sítì, ẹlòmíràn ń ta irú aṣọ kan náà; níbẹ̀, aṣọ tí iye rẹ̀ kò ga kì í san owó orí rárá, lọ́dọ̀ Bùsáyọ̀ ó ń san. Àwọn nọ́ọ̀sì ti ń ṣe ìṣirò yẹn lórí fóònù wọn lójú rẹ̀, tí kò lè sọ̀rọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ló fi ń dì wọ́n mú. Ó ń gé ẹsẹ̀ ṣòkòtò fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́, ó ń rán orúkọ sí wọn láyà aṣọ, ó sì mọ ẹni tí ìbàdí rẹ̀ ti fẹ̀ láti ọdún tó kọjá, kò sì ní sọ ọ́ síta. Bí owó orí bá tún lé sí i, ìṣísẹ̀ mẹ́rìnlélógójì ni oníbàárà ní láti rìn kó fi dé ọ̀dọ̀ ẹnì kejì. Bùsáyọ̀ ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ̀n ọ́n.

Lọ́jọ́ Àìkú kan, bí wọ́n ṣe ń jẹ ìrẹsì, Bùsáyọ̀ gbé lẹ́tà kan síwájú àbúrò rẹ̀. "Wọ́n ti fi káàdì ìdìbò ránṣẹ́ sí ẹ, Rìnsọ́. O ti wà lórí list wọn."

Rìnsọ́lá yẹ káàdì náà wò. "Àǹtí mi, ṣé níbí ni kí n ti dìbò ni?"

"Níbo lo tún fẹ́ dì í sí? Àdírẹ́ẹ̀sì ẹ kọ́ ni wọ́n kọ síbẹ̀ yẹn? Income tax ni kó o mú. Tí sales tax yìí bá wọlé, mo ti palẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mọ́ nìyẹn, mi ò ní tàn ẹ́." Ó bu ìrẹsì kún àwo àbúrò rẹ̀. "Mi ò bẹ̀ ẹ́ ní nǹkan kan rí. Àbí mo ti bẹ̀ ẹ́ rí?"

Òótọ́ ni, kò bẹ̀ ẹ́ rí. Bùsáyọ̀ ló fi ìwé pè é wá sí Amẹ́ríkà nígbà tí gbogbo ará ilé ní Ìkirè ti sọ pé olùkọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan kò lè rí físà gbà láyé. Òun ló dúró dè é fún wákàtí márùn-ún ní pápákọ̀ òfuurufú nígbà òtútù, tó bọ́ kóòtù ọrùn rẹ̀ fi wọ̀ ọ́, tí òun fúnra rẹ̀ ń gbọ̀n dé inú mọ́tò. Kò sì fi ọjọ́ yẹn ṣe ìrántí fún un rí.

"Ẹ má ṣèyọnu, Àǹtí mi," Rìnsọ́lá wí. "Màá dì í."

Inú bọ́ọ̀sì ló ti ka ẹ̀yìn káàdì náà, bí ọkọ̀ ṣe ń gun afárá tó sọdá omi sí Bronx. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ ní lẹ́tà wínníwínní pé ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni kí ẹnikẹ́ni dìbò níbi tí kì í ṣe ibùgbé rẹ̀. Ó kà á, ó tún un kà. Ó ti káàdì bọ àpò bí ẹni tí ọlọ́pàá ń wò.

Láti ọjọ́ yẹn, ara rẹ̀ kò balẹ̀ mọ́. Ó bu iyọ̀ sínú tíì Ọ̀gbẹ́ni Lazarus. Ó wẹ abọ́ tó ti wẹ̀. Bó bá jókòó, á dìde; bó bá dìde, á gbàgbé ohun tó tìtorí rẹ̀ dìde. Ó ń rò ó pé bí òun bá dìbò, wọ́n lè gba ìwé ọmọ ìlú tí òun fi ọdún mẹ́tàlá dúró dè. Bí òun kò bá sì dì í, ojú wo ni òun yóò fi wo Bùsáyọ̀? Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ.

Ní Ọjọ́rú, bàbá náà fa ife tíì sẹ́yìn. Ọmọ Harlem ni, èdè òyìnbó wọn ni wọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n ó ti ti ara Rìnsọ́lá kọ́ láti máa sọ "hẹn" bó bá ń tẹ́tí sí ọ̀rọ̀. "Kí ló ń jẹ ọ́?" ó bi í. "Bí o bá fẹ́ pa mí, má fi iyọ̀ pa mí."

Ni Rìnsọ́lá bá rò fún un, látorí gọ́tà dé orí káàdì. Bàbá gbọ́ ọ tán. Lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì, òun náà ti jókòó sídìí tábìlì ìdìbò rí lọ́dún bíi mélòó kan, ó mọ òfin náà.

"Hẹn," ó wí. "Níbo lo ń sùn?"

"Ibí, sà. Àti St. Albans."

"Nílé ẹ̀gbọ́n rẹ ńkọ́?"

Rìnsọ́lá bẹ̀rẹ̀ sí í nu tábìlì.

"Òfin ò bìkítà nípa ibi tí wọ́n ti fẹ́ràn rẹ. Ibi tó o ń padà sí ló ń béèrè." Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, àyà rẹ̀ ń mì. "Wàá tún dìbò pé kí wọ́n gé owó tìrẹ nítorí gọ́tà tí omi rẹ̀ ò tíì kan ẹsẹ̀ rẹ rí. Sítì tó o wá ń sùn nínú rẹ̀ lójoojúmọ́, ó ní owó orí iṣẹ́ tirẹ̀. Ṣé o ti ń san án?"

Rìnsọ́lá fa àga, ó jókòó. Kò rò ó dé ibẹ̀ rí. Bàbá rí ojú rẹ̀, ó dá ẹ̀rín dúró, ó na ọwọ́ sí ife tíì oníyọ̀ náà, ó mu díẹ̀ nínú rẹ̀ láti fi bẹ̀ ẹ́.

Ó kù ọ̀sẹ̀ kan kí ìdìbò pé ni ọmọ bàbá wá mú un lọ sí Maryland fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ọwọ́ Rìnsọ́lá dilẹ̀. Bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe dilẹ̀, orí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó rò ó pé oorun péré ni ìṣòro òun. Bí òfin bá ń béèrè ibi tí èèyàn ń sùn, kí ló dé tí òun kò lọ sùn níbẹ̀? Bí òun bá sùn lọ́dọ̀ Bùsáyọ̀ fún ọjọ́ mẹ́fà gbáko, tí òun sì ti ibẹ̀ jáde lọ dìbò, irọ́ dà níbẹ̀? Ẹ wo ọgbọ́n olùkọ́! Ọdún méjìlélógún ló fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò ní Ìkirè, kò rí àṣìṣe tó wà nínú ìṣirò yìí.

Bùsáyọ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀ nígbà tó gbọ́. "Wá jọ̀ọ́. Yàrá ẹ wà ńbẹ̀."

Yàrá náà wà níbẹ̀ lóòótọ́. Páálí ló kún inú rẹ̀ dé òkè: ṣòkòtò aláwọ̀ ewé, ẹ̀wù aláwọ̀ aró, bàtà funfun tí kò sẹ́ni tó rà. Bẹ́ẹ̀dì wà lábẹ́ wọn níbì kan. Bùsáyọ̀ ti páálí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó tẹ́ fóòmù sílẹ̀ ní ààyè tó ṣẹ́ kù, ó bẹ̀bẹ̀ pé kí àbúrò òun má bínú, ọjà ni. Láràárọ̀, eruku aṣọ tuntun ni ń mú Rìnsọ́lá sín kó tó lajú.

Síbẹ̀ kí n má purọ́, ọjọ́ mẹ́fà yẹn dùn. Wọ́n ń gbàdúrà pọ̀ lówùúrọ̀. Bùsáyọ̀ ń bá a jà nítorí ata, bó ṣe ń bá a jà nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ. Ní ọjọ́ kẹta, Rìnsọ́lá gbọ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń kọ orin ìsìn nílé ìdáná, ohùn tí kò gbọ́ mọ́ láti ìgbà tí ọkọ ti kú. Ó dúró sí ọ̀nà àárín ilé, ó tẹ́tí, kò fẹ́ kó mọ̀ pé òun ń gbọ́. Nǹkan kan gún un láyà. Kò dúró wádìí ohun tó jẹ́; ó lọ gbálẹ̀.

Ní ọjọ́ karùn-ún, ó ń gbá ẹnu ọ̀nà nígbà tí ọkùnrin tó ń pín lẹ́tà dé. Daniel ni orúkọ rẹ̀, ọdún kọkànlá rẹ̀ rèé ní àdúgbò náà. Ó kí i, ó bi í bóyá àlejò ni.

"Rárá o," Rìnsọ́lá dáhùn, ó gbé àyà sókè. "Èmi ni Rìnsọ́lá Akínlọ́lá."

Daniel fẹ́rẹ̀ẹ́ ju báàgì sílẹ̀. "Ìwọ? Ìwọ ni Akínlọ́lá? Ṣé èèyàn ni ọ́ lóòótọ́!" Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń gbé lẹ́tà rẹ wá, mo ti gbà pé òkú ni ọ́, pé màmá kàn ń gba lẹ́tà rẹ nítorí pé kò fẹ́ gbàgbé." Ó kó lẹ́tà lé e lọ́wọ́, ó ń rẹ́rìn-ín lọ. Rìnsọ́lá kò lè rẹ́rìn-ín. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn tòun ti ìgbálẹ̀ lọ́wọ́, ó sì pẹ́ kó tó dìde.

Ọjọ́ ìdìbò pé. Gbọ̀ngàn àwọn panápaná ni wọ́n ti ń dì í. Bùsáyọ̀ ti dìbò tirẹ̀ láàárọ̀ kùtùkùtù. Òun ló fi mọ́tò gbé àbúrò rẹ̀ lọ lọ́sàn-án, ó dúró dè é níta láìpa ẹ́ńjìnnì. Obìnrin àgbàlagbà kan tó ń jẹ́ Sharon ló wà nídìí tábìlì, àmì orúkọ wà láyà rẹ̀. Ó wá orúkọ náà, ó rí i, ojú rẹ̀ tàn.

"Ẹ̀yin ni àbúrò Bùsáyọ̀! Òun ló gé gbogbo ṣòkòtò iṣẹ́ ọmọ mi." Ó yí ìwé náà síwájú rẹ̀, ó na bírò sí i. Lókè ìlà tí yóò ti fọwọ́ sí i, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ pé òun búra pé ibẹ̀ ni òun ń gbé. "Ṣé inú ilé yẹn náà ni ẹ ṣì wà?"

"Mo sùn níbẹ̀ lánàá," Rìnsọ́lá dáhùn. Ohun tó ti fi ọjọ́ mẹ́fà múra sílẹ̀ nìyẹn, ó sì jáde bó ṣe fẹ́ kó jáde. Ó gba bírò.

"Inú mi dùn láti gbọ́ ọ," Sharon wí. "Èmi àti ajá mi máa ń kọjá níbẹ̀ láràárọ̀. Mo ń rí ẹ̀gbọ́n yín tó ń dá jẹun lójú fèrèsé. Àánú rẹ̀ ti ń ṣe mí tipẹ́, mo rò pé òun nìkan ló ń gbé ilé yẹn."

Ọ̀rọ̀ rere ni obìnrin náà sọ, kò mọ̀ pé òun ju òkò. Ọwọ́ Rìnsọ́lá dúró lórí ìwé. Gbogbo ohun tó ti rò nípa òfin àti ìbúra kò sí lọ́kàn rẹ̀ mọ́. Fèrèsé yẹn ló rí, àti àwo kan ṣoṣo lórí tábìlì láti ọdún mẹ́fà.

"Òun nìkan ló ń gbé ibẹ̀," ó wí.

Sharon gbé ojú sókè. "Ẹ̀yin ò gbé ibẹ̀?"

"Rárá, mà. Mi ò gbé ibẹ̀."

"Níbo wá ni ẹ ń gbé?"

Rìnsọ́lá tún ìlà náà kà lórí ìwé. Àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kanra. Sharon rọra gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀, ó fún un ní fọ́ọ̀mù kan, ó fi ìka han ìlà kan lórí rẹ̀: kó kọ ibùgbé rẹ̀ síbẹ̀, kó fi ránṣẹ́. Rìnsọ́lá ká a sí mẹ́rin, ó fi sínú báàgì.

"O ti dì í?" Bùsáyọ̀ bi í bó ṣe wọ mọ́tò.

"Mi ò dì í, Àǹtí mi. Ẹ foríjì mí. Wọ́n bi mí léèrè, mi ò lè sọ pé mò ń gbé ibẹ̀."

"O ò sùn nílé mi? Èmi kọ́ ni mo jí ẹ láàárọ̀ yìí?"

"Ẹ̀yin lẹ jí mi."

Bùsáyọ̀ fi ọkọ̀ sí jíà. Kò gbé e lọ sílé. Ó wa mọ́tò sọdá títì, ó dúró ní ibùdókọ̀ tó wà ní apá ti sítì, ó ń wo iwájú títí Rìnsọ́lá fi sọ̀ kalẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, Olúsànmí ló bá a gbé báàgì aṣọ rẹ̀ dé láti Brookedge, ó ní Bùsáyọ̀ ní kí òun gbé e fún un. Àwọn àgbà ní òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké.

Owó orí ọjà ló wọlé. Ìbò mọ́kànlélógójì ni wọ́n fi jù wọ́n lọ. Nígbà tí Rìnsọ́lá gbọ́ iye yẹn, ẹ má bú u, inú rẹ̀ dùn. Ó sáré pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Àǹtí mi, mọ́kànlélógójì ni o! Tèmi ì bá wà níbẹ̀, kò ní tún nǹkan kan ṣe."

Bùsáyọ̀ dá a lóhùn. "Mi ò ka mọ́kànlélógójì, Rìnsọ́," ó wí. "Ọ̀kan ṣoṣo ni mo kà." Ó sì pa fóònù.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá. Bí ìsìn bá parí lọ́jọ́ Àìkú, Bùsáyọ̀ á gba ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ jáde. Rìnsọ́lá ń gbé fọ́ọ̀mù náà kiri nínú báàgì, láti Bronx dé Queens, láti Queens dé Bronx, títí etí rẹ̀ fi ya. Ó bi Olúsànmí bóyá òun lè kọ St. Albans sí i. Ọkùnrin náà fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún un, ó ní sister, ẹ má ta mí. Ó bi Ọ̀gbẹ́ni Lazarus. Bàbá ní kó kọ ọ́, kó sì mọ̀ pé lọ́jọ́ tí òun bá kú, kí wọ́n tó sin òun ni wọ́n máa ní kó kó ẹrù rẹ̀ jáde. Bàbá kì í fi ọ̀rọ̀ bọ òróró. Lójú ọ̀nà, Rìnsọ́lá ń ronú pé èèyàn tó ní ilé mẹ́ta kò ní ìlà kan tó lè kọ.

Páásípọ́ọ̀tù ló fà á padà sí Brookedge. Ó ti béèrè fún un nígbà tó búra, lẹ́tà sì dé sórí fóònù rẹ̀ pé wọ́n ti fi ránṣẹ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì kan, ó sọdá títì. Bébà pupa wà lójú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù, wọ́n kọ "ẹ̀dínwó" sí i lédè òyìnbó. Oníbàárà kankan kò sí. Bùsáyọ̀ ń ká ẹ̀wù sínú páálí.

"Ẹ kú ọjà, Àǹtí mi." Rìnsọ́lá kúnlẹ̀.

Bùsáyọ̀ fa dúrọ́ọ̀ jáde, ó mú àpò ìwé kan, ó gbé e sórí káńtà. Ó ti fi yíǹkì dúdú kọ gàdàgbà sí ojú rẹ̀, lédè òyìnbó, pé ẹni yìí kò gbé ibí. Ọwọ́ rẹ̀ ni, ọwọ́ tó fi ń rán orúkọ sáyà aṣọ.

"Lọ́jọ́ tó dé ni mo kọ ọ́," ó wí. "Ohun tó o sọ fún wọn náà ni mo kọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbé e dé ìdí àpótí lẹ́tà. Ọwọ́ mi ò jẹ́ kí n jù ú síbẹ̀." Ó wo àbúrò rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. "Ó dáa, dìde. Níbo ni kí n ní kí wọ́n máa gbé lẹ́tà ẹ lọ?"

Rìnsọ́lá dìde, ó tú báàgì, ó yọ fọ́ọ̀mù náà, ó tẹ́ ẹ sórí káńtà. Bùsáyọ̀ gbé gíláàsì sójú, ó tẹ̀ síwájú. Ìlà náà ṣófo.

"O ò kọ nǹkan kan síbẹ̀."

"Mi ò rí ohun tí màá kọ, mà."

"Ìwọ tó o sọ òtítọ́," Bùsáyọ̀ wí, ohùn rẹ̀ kò ga, "o ò tíì sọ ọ́ tán." Ó gbé bírò lé orí fọ́ọ̀mù náà, ó padà sídìí aṣọ tó ń ká.

Bọ́ọ̀sì tó yẹ kí Rìnsọ́lá wọ̀ dé sí ìta, ó gbé èèyàn, ó lọ. Kò sáré tẹ̀ lé e. Ó ń wo ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, bó ṣe ń tẹ̀ ba sórí páálí. Ibi tó o ń padà sí, bàbá ti sọ fún un.

"Àǹtí mi, páálí mélòó ló wà nínú yàrá mi?"

Bùsáyọ̀ ò yíjú padà, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Mẹ́tàlélógún," ó wí. "Wàá kà wọ́n fúnra ẹ bó o bá ń kó wọn jáde."